Bí a Ṣe Ń Dá Labalábá Inú Koríko Mọ̀ ní Agbègbè Àkúrẹ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ àwọn labalábá kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tí ń ta láti orí koríko kan bọ́ sórí òmíràn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìdànrè, àwọn ará ìdílé Hesperiidae, kò gbọdọ̀ máa lé wọn kiri, nítorí eré wọn pọ̀ jù. Kí ó dúró ti òdòdó imí-eṣú lẹ́yìn tí ìrì bá gbẹ, kí wọ́n fúnra wọn wá bà. Kí ó kọ́kọ́ wo ìwo orí wọn, tí ṣóńṣó rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bí ìwọ̀ ẹja. Ara wọn ki, orí wọn sì fẹ̀. Bí wọ́n bá ń yáàrùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa gbé ìyẹ́ iwájú sókè díẹ̀, wọn a sì tẹ́ ti ẹ̀yìn sílẹ̀ pẹrẹsẹ.

Lójú tèmi, ọmọ wọn ni ó dùn ún wò jù. Ewé koríko tàbí ti ìrẹsì ni ó ń jẹ, òwú tí ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ó sì fi ń fa etí ewé méjèèjì pọ̀ láti fi ṣe ilé. Nítorí náà, ẹ wá ewé tí ó ká jọ, tí a ti jẹ etí rẹ̀ ní ṣákiṣàki. Ẹ rọra tú òwú náà, ẹ wo ọrùn tín-ín-rín tí ó wà láàrin orí ńlá àti ara, kí ẹ sì dá ewé padà. Ẹ má retí ìgbẹ́ nínú ilé náà: ìta ni ó ń ta á sí, jìnnà réré, kí agbọ́n má baà fi òórùn rẹ̀ tọpa rẹ̀.