Mo yẹ Dodge Charger mẹ́ta wò ní Ìkòròdú: eré wo ló wà nínú èwo?

Orúkọ kan ni Dodge Charger, àmọ́ ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ náà kì í ṣe irú kan. Láti 2015 títí di ìparí 2023, nígbà tí wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn nínú ìran yẹn ní Brampton lórílẹ̀-èdè Kánádà, ara kan náà ni wọ́n fi ń bo ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. SXT ló kéré jù: sílíńdà mẹ́fà, lítà 3.6, agbára ẹṣin 292. R/T tẹ̀ lé e, sílíńdà mẹ́jọ, lítà 5.7, ẹṣin 370. Scat Pack jẹ́ lítà 6.4, ẹṣin 485. Hellcat ni bàbá wọn, lítà 6.2 tí wọ́n gbé súpáchájà (ẹ̀rọ tó ń fi ipá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) lé lórí, ẹṣin 707 nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tò tẹ̀lé ara wọn kọjá ní Sábó, tí o kò sì gbọ́ ohùn wọn, wàá rò pé ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Ibẹ̀ làwọn kan ti ń rí owó ọlọ́wọ́ jẹ.

Iṣẹ́ rìwáyà ni mo ń ṣe ní ìtòsí Ọ̀gọ̀lọ́ntò, mo sì máa ń bá àwọn èèyàn yẹ tòkunbọ̀ wò kí wọ́n tó sanwó. Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi tó ń ta ata ní Mile 12, ló ní kí n tẹ̀lé Dàpọ̀ ọmọ òun lọ wo ọkọ̀. Dàpọ̀ ti yan tirẹ̀ kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ọkọ̀ pupa, àwòrán kòkòrò oyin tó jẹ́ àmì Scat Pack lára gíríìlì, nọ́ńbà 392 (ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì 6.4 ní ínṣì kúbíìkì) lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bírékì pupa fòò.

"Ẹ̀gbọ́n, Scat Pack ni. Ó ń lọ tó 282."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Ẹni tó ń tà á ni. Mo tún rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì."

Òótọ́ ni 282 yẹn. Máìlì 175 ní wákàtí kan ni ilé iṣẹ́ Dodge kọ fún Charger Scat Pack, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 282. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá Scat Pack ni ọkọ̀ náà. Àǹtí mi ní tirẹ̀ kò béèrè eré rárá. Ohun tó sọ lórí fóònù ni pé, "Ṣé bó ṣe ń sáré yẹn náà ló ṣe ń dúró?" Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, àwa méjèèjì la máa wò.

Kí n tó fi ilé sílẹ̀ láti lọ wo ọkọ̀ kankan, nọ́ńbà ṣásì ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá òsì, ó sì tún wà lára síkà tó wà létí ilẹ̀kùn awakọ̀. Mẹ́tàdínlógún ni gbogbo létà àti nọ́ńbà rẹ̀. Kì í ní I, kì í ní O, kì í ní Q, torí pé wọn kò fẹ́ kí èèyàn ṣì wọ́n mú fún 1 tàbí 0. Nínú mẹ́tàdínlógún yìí, méjì péré ló kan ọ̀rọ̀ eré. Ìkẹjọ ń sọ ẹ́ńjìnnì, ìkẹwàá ń sọ ọdún. Lára Charger, G ní ipò kẹjọ túmọ̀ sí lítà 3.6. T jẹ́ 5.7, J jẹ́ 6.4. Ti Hellcat kì í ṣe létà, nọ́ńbà 9 ni. Ní ipò kẹwàá, H jẹ́ 2017, J jẹ́ 2018, K jẹ́ 2019. J wá wà ní ipò méjèèjì pẹ̀lú ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà, ẹ rọra kà á pẹ̀lú ìka.

Ẹni tó ń ta ọkọ̀ pupa náà fi fọ́tò nọ́ńbà ránṣẹ́, àmọ́ ìtànṣán oòrùn ti bo àárín rẹ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, lójú ọ̀nà Ṣágámù, ojú gíláàsì ni mo kọ́kọ́ lọ. G ló wà ní ipò kẹjọ.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà lèyí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ lọ́hùn-ún. 6.4 ló wà níbẹ̀ báyìí."

Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, àwọn èèyàn ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, n kò bá a jiyàn, mo ní kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì HEMI, ìyẹn 5.7, 6.4 àti 6.2 yìí, ní ohun kan tí kò ṣeé fi pamọ́: sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní píọ́gì méjì. Mẹ́rìndínlógún ni gbogbo píọ́gì rẹ̀, kọ́ìlì tó ń fún wọn níná, mẹ́rin, sì tò sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ẹ̀gbẹ́ tó hàn síta lára ọkọ̀ pupa, kọ́ìlì mẹ́ta ni mo rí. Mo ki ẹ̀rọ ìyẹ̀wò mi bọ ihò abẹ́ sítíà, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ka nọ́ńbà ṣásì jáde, G yẹn náà ló mú wá. Bírékì pupa fòò ńkọ́? Scat Pack gidi máa ń ní bírékì Brembo onípísítìnnì mẹ́rin níwájú. Ti ọkọ̀ yìí, rọ́bà pupa ni wọ́n fi bo bírékì SXT. Mo fi èékánná tì í, ó mì.

N kò bú ọkọ̀ náà o. SXT tó mọ́ ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù lóhùn, gíá mẹ́jọ rẹ̀ ń yí geerege. Bí wọ́n bá ń tà á ní iye SXT, ǹ bá ní kí Dàpọ̀ rò ó. Iye Scat Pack ni wọ́n ń pè.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà, Dàpọ̀ dákẹ́ títí, ó wá ní, "Hellcat gan-an ló yẹ kí n máa wá, òun ló ní ẹṣin tó pọ̀ jù, òun lá máa sáré jù." Ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo èèyàn máa ń sọ, kò sì rí bẹ́ẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí n lo àkókò díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti na ọwọ́ síta nínú dánfó tó ń sáré mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń tì í padà. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni títì yẹn ń le, líle rẹ̀ sì ju bí eré ṣe ń pọ̀ lọ. Kí ọkọ̀ tó lè sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára tí yóò fi la afẹ́fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí owó fi ń pọ̀ yàtọ̀ láàárín Charger kan sí òmíràn, tí eré kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Hellcat fi ẹṣin 222 ju Scat Pack lọ. Máìlì 204 ni wọ́n kọ fún Hellcat ti 2015, nǹkan bíi kìlómítà 328. Nígbà tó di 2020, wọ́n fẹ ara rẹ̀ sí i, wọ́n fi táyà tó gbòòrò sí i, wọ́n pè é ní Widebody. Ẹ́ńjìnnì kò yí padà, ẹṣin 707 yẹn náà ni. Eré já wálẹ̀ sí máìlì 196, nítorí pé ara tó fẹ̀ ń ko afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i. Wọ́n wá fi ẹṣin 90 kún un, ó di 797, wọ́n pè é ní Redeye. Máìlì méje péré ni ẹṣin àádọ́rùn-ún yẹn mú wá: 203.

Èyí tó tiẹ̀ máa ń ya àwọn ọmọ kékeré lẹ́nu jù ni Challenger Demon ti 2018, ọmọ ìyá Charger tó ní ilẹ̀kùn méjì. Bí wọ́n bá fún un ní epo eré ìje, ẹṣin 840 ni. Láti ìdúró, ó ń parí ìdá mẹ́rin máìlì ní ìṣẹ́jú àáyá 9.65. Ṣùgbọ́n eré tó le jù lára rẹ̀ jẹ́ máìlì 168, ó kéré sí ti Scat Pack tí agbára rẹ̀ kò ju díẹ̀ lé ní ìdajì tirẹ̀ lọ. Táyà ló fà á. Táyà rírọ̀ tó ń dì mọ́ ilẹ̀ nígbà ìgbéra ni wọ́n fi sí i, irú táyà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún eré gígùn, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà dá eré ọkọ̀ náà dúró síbẹ̀. SXT náà ní irú ìdádúró yìí nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Mo tún sọ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ fún Dàpọ̀. Kọ́kọ́rọ́ Hellcat méjì ni, pupa àti dúdú. Dúdú kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fún ọ ju ẹṣin 500 lọ, pupa nìkan ló ń tú 707 sílẹ̀. Tòkunbọ̀ mélòó ló sì ń wọ ìlú yìí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ méjì?

Ọkọ̀ kejì wà ní apá Ìgbógbó. Scat Pack gidi ni: J ní ipò kẹjọ, K ní ipò kẹwàá, kọ́ìlì mẹ́jọ pé, Brembo wà níwájú àti lẹ́yìn. Inú Dàpọ̀ ti ń dùn, ó ti ń ya fọ́tò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ wo táyà. Lẹ́yìn nọ́ńbà ìwọ̀n táyà, létà kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń sọ eré tí táyà náà lè gbà. T jẹ́ kìlómítà 190, H jẹ́ 210, V jẹ́ 240, W jẹ́ 270, Y jẹ́ 300. T ló wà lára ti ọkọ̀ yìí. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ara rẹ̀ dáadáa, mo rí àwòrán òkè kan tí èérún yìnyín wà nínú rẹ̀. Táyà yìnyín! Ẹnì kan ló ti fi wa ọkọ̀ nígbà òtútù lọ́hùn-ún, wọ́n sì kó o wá sínú ooru Ìkòròdú bẹ́ẹ̀. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀ nítorí òtútù, ọ̀dà gbígbóná yóò jẹ ẹ́ kíákíá, kò sì ní gbá ilẹ̀ mú dáadáa bí èèyàn bá tẹ bírékì lójijì. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára àkọlé DOT rẹ̀ jẹ́ 4616, ọ̀sẹ̀ kẹrìndínláàádọ́ta ọdún 2016. Ọkọ̀ 2019 ló wọ táyà tó dàgbà jù ú lọ.

Nítorí náà, ọkọ̀ tí wọ́n kọ 282 fún nínú ìwé kò ju 190 lọ níbi tó dúró sí yẹn, táyà tó ti gbó bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ kó rí 190 rárá. Táyà ṣeé pààrọ̀ ṣá. Ohun tó dí mi lọ́wọ́ ni epo. Ìwé ọkọ̀ ní kí a máa fún 6.4 ní epo 91, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí epo ṣe ń fara dà á tó kó má bàa gbiná fúnra rẹ̀ nínú sílíńdà. Amẹ́ríkà máa ń da ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà wọn nọ́ńbà yẹn pọ̀, RON àti MON, wọ́n á pín in sí méjì. 91 tiwọn súnmọ́ RON 95 tàbí 96, èyí tí à ń rà nílé epo wa kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ní ohun tó ń gbọ́ ìró ìkọlù epo tó bá gbiná fúnra rẹ̀. Bó bá ti gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà á sún iná píọ́gì sẹ́yìn kó má bàa bàjẹ́, agbára á sì dínkù. Ẹ fi ooru wa kún un, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́, kò gbé epo jó tó ti tútù. Èmi kò gbà pé ẹṣin 485 yẹn máa ń pé ní Ìkòròdú.

Ọkọ̀ kẹta jẹ́ R/T eléérú, 2017, ọwọ́ ẹni tó ń lò ó la ti fẹ́ rà á, ní ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀. T ní ipò kẹjọ, H ní ipò kẹwàá. Mo ní kí wọ́n má tan án títí mo fi dé, torí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni HEMI máa ń sọ ti inú rẹ̀. Ó dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí tàì-tàì kankan. Epo 89 ni ìwé rẹ̀ béèrè, ó sì máa ń pa sílíńdà mẹ́rin lára mẹ́jọ kó lè dín epo kù bí kò bá sí ẹrù lórí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ti jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Májídun dé Mile 12 mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

A kò wá eré tó le jù lára èyíkéyìí nínú wọn. Òfin ojú pópó fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Nàìjíríà kò ju kìlómítà 100 lọ ní ọ̀nà márosẹ̀, 50 ní àárín ìlú, kò sì sí ibi tí 282 ti lè wáyé láàárín kòtò àti ọlọ́kadà. Ohun tí mo wọ̀n ni láti 40 dé 80, torí pé ibẹ̀ lèèyàn ti ń kọjá tírélà. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ ìyẹ̀wò máa ka eré sórí fóònù mi, ẹni tó ni ọkọ̀ ló wà á, níbi tí ọ̀nà ti dán tó sì ṣófo. R/T lo bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Scat Pack yá jù ú lọ díẹ̀, àmọ́ ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò lè sọ ìyàtọ̀ náà. Lẹ́yìn náà a dán bírékì wò láti 80, nítorí Àǹtí. R/T dúró láìfì sí ẹ̀gbẹ́. Scat Pack, pẹ̀lú Brembo rẹ̀, ń yọ̀ lórí táyà yìnyín.

Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àǹtí nínú ohùn. Wọ́n ní kí n sọ iye tí Scat Pack máa jẹ pẹ̀lú táyà tuntun mẹ́rin, mo sọ ọ́. Wọ́n ní, "Ẹ mú eléérú yẹn wá." Dàpọ̀ fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan, àmọ́ wọ́n ti gbé fóònù sílẹ̀.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa, mo fi nọ́ńbà ṣásì tó wà lójú gíláàsì, ti etí ilẹ̀kùn, ti kọ̀ǹpútà àti ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù wé ara wọn, wọ́n bára mu. Táyà rẹ̀ jẹ́ W, méjì tẹ́yìn nìkan la pààrọ̀. Píọ́gì rẹ̀ ti tó pààrọ̀ pẹ̀lú, mẹ́rìndínlógún, mo sì ti sọ fún Dàpọ̀ pé àpò tirẹ̀ ni ìyẹn máa ti jáde.