Bí mo ṣe ń tẹ héèdì-sẹ́ẹ̀tì wọ ọrùn kẹ̀kẹ́ nílé, láìní irinṣẹ́ olówó ńlá

Kẹ̀kẹ́ onígíà tòkunbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé wá bá mi n'Íbàdàn níbí. Héèdì-sẹ́ẹ̀tì ni bíárìn àti kọ́ọ̀pù (òrùka irin tó wà lẹ́nu ọrùn kẹ̀kẹ́ lókè àti nísàlẹ̀) tó ń jẹ́ kí fọ́ọ̀kì yí. Ẹ di bíréèkì iwájú mú, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwá-sẹ́yìn. Tí héèdì-sẹ́ẹ̀tì bá ń dún kọ̀-kọ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ fún un. Tí kò bá gbọ́, ó ti jẹ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wọn ìbú ọ̀pá fọ́ọ̀kì, èyí tó gba inú ọrùn kẹ̀kẹ́ kọjá, kí ẹ tó rajà. Ti onígíà òde òní sábà máa ń jẹ́ mílímítà 28.6, òun ni mo ń sọ. Raleigh àtijọ́ tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ oko ní tiréèdì tirẹ̀, 26 nínú ínṣì kan, ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ oní-tiréèdì yòókù sì jẹ́ 24. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan pe èkejì fún yín.

Ẹ yọ fọ́ọ̀kì kúrò, kí ẹ ti sukurudẹráìfà gígùn gba inú ọrùn kẹ̀kẹ́, kó gún etí kọ́ọ̀pù àtijọ́ látinú, kí ẹ máa fi òòlù kàn án lọ́tùn-ún lósì títí yóò fi jábọ́. Ẹ nu inú ọrùn náà mọ́, ẹ fi gíríìsì pa á.

Ibi títẹ̀ wọlé ni iṣẹ́ wà. Ẹ ra irin oní-tiréèdì tí àwọn tó ń so páìpù mọ́ àjà ń lò, oní mílímítà 12, kó gùn ju ọrùn kẹ̀kẹ́ lọ dáadáa, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì méjì àti wáṣà ńlá tó bo ẹnu kọ́ọ̀pù. Ẹ yọ bíárìn kúrò ná, ẹ gbé kọ́ọ̀pù sẹ́nu ọrùn, kí ẹ ki irin náà gba àárín wọn kọjá, nọ́ọ̀tì kan lókè, èkejì nísàlẹ̀. Kọ́ọ̀pù kan lẹ́ẹ̀kan o! Ẹ di nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ mú, kí ẹ máa yí ti òkè díẹ̀díẹ̀, kí ojú yín wà lára àlàfo tó yí i ká. Tó bá fẹ̀ lápá kan ju èkejì lọ, ẹ tú u, ẹ tún un gbé kalẹ̀. Àwọn kan á ní ẹ gbé pákó lé e, kí ẹ gbá a wọlé. Ó ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wíwọ́ ló sábà máa ń wọ̀, ọrùn alumíníọ́mù á sì fẹ̀, kò sì ní padà fún mọ́.

Òrùka tó ń jókòó sídìí ọ̀pá fọ́ọ̀kì nìkan ni mo gbà kí ẹ fi òòlù lù. Ẹ ki páìpù PVC tó gba ọ̀pá náà bọ̀ ọ́, kí ẹ máa kan orí páìpù. Tí òrùka bá ti jókòó tán, ìró òòlù á yí padà.

Ẹ pa bíárìn ní gíríìsì, ẹ tò ó. Tó bá ń ha nígbà tí ẹ bá yí i, ẹ dojú rẹ̀ kọ apá kejì. Ẹ wá di bóòtù orí kí jíjì rẹ̀ ṣáà tán, lẹ́yìn náà ni kí ẹ di àwọn bóòtù ẹ̀gbẹ́ tó mú ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ gbé iwájú sókè: ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ yí sápá kan fúnra rẹ̀. Tó bá dúró gan-an, ó ti fún jù.

Tí ẹ bá ti gùn ún gba títì oníkòtò, ó lè tún dẹ̀ díẹ̀. Ẹ tú àwọn bóòtù ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó fún ti orí.