Ẹ Yé Sáré Gba CRP Ọmọ Tuntun: Àwọn Àṣìṣe tí Mò Ń Rí ní Wọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ wọ́ọ̀dù ìkókó, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Owó tí àwọn òbí ń kó lọ sí lábù ń dùn mí.

Èkíní, CRP (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga bí àkóràn bá wà lára) tí ẹ gbà ní kété tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ kò lè sọ fún yín pé ara ọmọ dá. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, ó sì lè tó wákàtí 12 kó tó gbéra dáadáa. Ní ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé ìkókó kan wá lóru tí kò mu ọmú mọ́. CRP rẹ̀ jẹ́ 4 mg/L, a kì í sì í kọminú bí kò bá tó 10. Mo ní kí ìyá rẹ̀ fọkàn balẹ̀, n kò sì kọ abẹ́rẹ́ apakòkòrò kankan. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ara ọmọ ti tutù nini, CRP ti di 68. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi gba abẹ́rẹ́ kí Ọlọ́run tó yọ wá. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ọmọ tó kọ ọmú ti sọ tẹnu rẹ̀, ìwé lábù ni mo lọ ń gbọ́. Bí ẹ bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò, kí ẹ tún CRP gbà lẹ́yìn wákàtí 24. Bí CRP méjèèjì kò bá tó 10, tí ara ọmọ yá, tí nǹkan kan ò sì hù nínú blood culture (àyẹ̀wò tí a fi ń wò ó bóyá kòkòrò máa hù nínú ẹ̀jẹ̀), ẹ lè dá oògùn dúró.

Èkejì, procalcitonin, èròjà ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí a fi ń wá àkóràn, máa ń ga fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìbí, ó sì ń ga jù ní nǹkan bíi wákàtí 24. Ẹ má fi òṣùwọ̀n àgbàlagbà wò ó.

Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ 18,000 ní ọjọ́ kìíní nìkan kò túmọ̀ sí pé àkóràn wà.

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, tàbí tó fa ìgbẹ́ ara rẹ̀ símú, CRP rẹ̀ lè ga láìsí kòkòrò kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ blood culture kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, kó sì tó mílílítà 1 ó kéré tán. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ méjì kò lè sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni CRP ojoojúmọ́. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ọmọ tó wọn kílò kan kò ju nǹkan bíi mílílítà 90 lọ, síbẹ̀ àràárọ̀ ni a ń fa nínú rẹ̀. Bàbá kan ta fóònù rẹ̀ kó lè san CRP ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún fún ọmọ tó ti ń mu ọmú, tó ń ké tagbáratagbára. Mo bi dókítà tó kọ ọ́ pé kí ló máa ṣe bó bá ga, kí ló máa ṣe bó bá lọ sílẹ̀. Nǹkan kan náà ni.