Káàdì SD inú Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan) tó ń bàjẹ́ ṣáá: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ará Ifẹ̀

Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà ní kí n format káàdì (kí n nù ún mọ́). Ṣé kí n ṣe é?
Rárá. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi dd (àṣẹ Linux tó ń ṣe ẹ̀dà) ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lódindi. Ẹ̀dà yẹn ni kẹ́ ẹ máa tún ṣe.

Mo ti fsck (àṣẹ tó ń tún ètò fáìlì ṣe) títí, pàbó.
Ṣé orí Pi tó ń ṣiṣẹ́ lọ lẹ ti ń ṣe é? Kọ̀ǹpútà mìíràn ni kẹ́ ẹ ki káàdì sí, ẹ má sì mount rẹ̀ (ẹ má ṣí i fún lílò). Mo ti sọ èyí tó.

Tuntun ni, 128GB, ẹ̀dínwó ni mo rà á.
Ẹ fi f3 (ètò tó ń wo bí àyè káàdì ṣe tó gan-an) yẹ̀ ẹ́ wò. Ayédèrú lè pe ara rẹ̀ ní 128GB kó jẹ́ 8GB péré. Bí 8 yẹn bá ti kún, ohun tẹ́ ẹ bá kó sí i lẹ́yìn náà ti wọgbó. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń pa á. Mo ti ra inverter, ó ṣì ń kú.
Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ̀dá kan ní Mayfair wí. Pi 4 ló fi ń gba àwòrán kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sórí háàdì dísìkì. Ó ra inverter, káàdì kú lọ́jọ́ tí iná ò lọ rárá. Ó ra káàdì olówó gọbọi, ìyẹn náà di read-only (kíkà nìkan, kò gba kíkọ). Ó kù díẹ̀ kó pe aládùúrà. Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà. Bí dísìkì bá ti ń gbéra báyìí, iná pupa ara bọ́ọ̀dù á ṣẹ́jú, dmesg (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ) á sì kọ «Under-voltage detected!», ìyẹn ni pé iná ò tó. Mo fi mítà wo ẹnu ṣájà: fólùtì 5.1. Mo wo pin 5V ara bọ́ọ̀dù nígbà tí dísìkì ń gbéra: 4.5. Pi kì í fẹ́ kó wálẹ̀ tó 4.63. Wáyà fóònù, gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, ni wọ́n fi so ó! Flash, ibi ìpamọ́ inú káàdì, kì í pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ lóun nìkan. Block ńlá ló ń pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí agbára bá já lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, fáìlì tẹ́ ẹ ò tíì fọwọ́ kàn rí pàápàá lè bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí journal ext4 (àkọsílẹ̀ tí ètò fáìlì Linux fi ń tún ara rẹ̀ ṣe) ò fi lè gbà yín. Wáyà kúkúrú tó nípọn, ṣájà 3A, kí dísìkì sì ní iná tirẹ̀: káàdì ò kú mọ́.

Mo pa fáìlì rẹ́, mo tan án padà, fáìlì tún wà níbẹ̀.
Káàdì ti gbó, kò gba kíkọ mọ́. Ẹ kó ẹrù yín jáde lónìí, ẹ ra òmíràn.

eMMC (flash tí kò ṣeé yọ bíi káàdì) ni tèmi, wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù.
Ẹ má fi iná kàn án nílé. Ẹ gbé e wá.