Bí a ṣe ń ṣọ́ àwọn ọmọ nínú ẹgbẹ́ òmùwẹ̀

Ní Sátidé kan n'Ìbàdàn, ọmọ mẹ́rìnlá wà nínú púùlù, àgbàlagbà mẹ́rin sì dúró létí rẹ̀. Ẹnìkan ń kọ orúkọ, ẹnìkan ń gba owó, ẹnìkan wà lórí fóònù, èmi ń kọ́ ọmọkùnrin kan bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ ta omi. Ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan fẹsẹ̀ wá ilẹ̀, kò bá a. Kò pariwo, kò juwọ́. Ẹnu rẹ̀ ń yọ lójú omi, ó tún ń wọlé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń tẹ omi mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó wà nítòsí ló fà á dé etí púùlù. Ó yè. Ṣùgbọ́n nínú àwa mẹ́rin, kò sẹ́ni tó rí i.

Bí a ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ náà ni mo kọ síbí, fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kó ọmọ jọ láti kọ́ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́.

1. Ẹ béèrè ìlera ọmọ kí ẹ tó gba owó

Ẹ bi òbí ní tààrà: ṣé ọmọ ní ásímà? Ṣé wárápá ti mú un rí? Ṣé SS ni? Òbí mìíràn á fi pa mọ́ nítorí ó ń bẹ̀rù pé ẹ ó lé ọmọ òun. Ẹ fi í lọ́kàn balẹ̀. Ìnhélà ọmọ tó ní ásímà gbọ́dọ̀ wà létí omi, kì í ṣe nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Ọmọ tó ní wárápá, kí àgbàlagbà kan wà nínú omi pẹ̀lú rẹ̀, níbi tí ọwọ́ á ti tó o. Ní ti ọmọ SS, òtútù lè dá ìrora sí i lára, nítorí náà kó má wọ omi láàárọ̀ ọyẹ́. Ẹ jẹ́ kó tètè jáde, kó nu ara gbẹ kíákíá, kó wọ aṣọ tó nípọn, kó sì mu omi dáadáa.

2. Ẹ yẹ púùlù wò lójoojúmọ́

Bí ẹ bá dúró létí ibi tó jìn jù, tí ẹ ò rí ihò ìsàlẹ̀ kedere, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Ìdérí ihò náà gbọ́dọ̀ pé, kó sì dúró gírí, torí ẹ̀rọ tó ń fa omi lè fa irun dídì wọlé, kó sì di ọmọ mú sísàlẹ̀. Fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ kì í ṣe ti oge o. Kí kilorín wà láàárín 1 sí 3 miligíráàmù nínú lítà omi kan, kí pH, ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, wà láàárín 7.2 sí 7.8. Òórùn kilorín tó ń ta ni nímú kì í ṣe àmì omi tó mọ́. Ìgbà tí kilorín bá pàdé òógùn àti ìtọ̀ ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ tọ̀, kó sì ṣanra, kó tó wọlé.

3. Ẹ yan ẹni tí yóò máa wo omi nìkan

Bí ẹ kò bá lè ṣe nǹkan mìíràn, ẹ ṣe èyí. Ẹni yìí kò ní kọ́ni, kò ní gba owó, kò ní dáhùn fóònù, òbí kankan kò sì ní bá a sọ̀rọ̀. Tiwa máa ń wọ fẹ́ẹ̀sì pupa, ẹ̀wù tí kò lápá, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ ọ́n. Ojú máa ń rẹ̀, nítorí náà a ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú ogún-ogún. Ẹni tó ń gbà á á kọ́kọ́ wo omi, á ní, "Omi ti di tèmi," lẹ́yìn náà ni ti àkọ́kọ́ á tó yí ojú kúrò.

Ẹ sọ fún un pé ẹni tó ń rì kì í sábà kígbe, torí kò rí èémí tí yóò fi kígbe. Kó wo orí tó tẹ̀ sẹ́yìn, ẹnu tó ń bá omi dọ́gba, ẹsẹ̀ tí kò ta, ọmọ tí wọ́n pè tí kò dáhùn. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ fun fèrè: kí gbogbo ọmọ di etí púùlù mú, kí ẹ kà wọ́n.

Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, òótọ́ sì ni. Ẹ má gbà kí àwọn ọmọ tó mọ̀wẹ̀ máa figagbága lórí ta ló lè pẹ́ jù lábẹ́ omi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mí gúlegúle kó tó wọlẹ̀, ara rẹ̀ kò ní tètè pè é pé kó wá mí. Á dákú síbẹ̀ láìmọ̀.

Bí àrá bá sán, kí gbogbo wọn jáde, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn.

4. Bí omi bá gbé ọmọ mì

Ẹ na ọ̀pá sí i tàbí kí ẹ ju róbà olókùn sí i. Ẹni tí kò kọ́ bí a ti ń yọ ènìyàn kó má bẹ́ sómi. Bí ẹ bá ti gbé e jáde, ẹ má dorí rẹ̀ kodò, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀. Èébì lè ti ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí kò bá mí, ẹ di imú rẹ̀, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí àyà rẹ̀ máa gbéra. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 30, ẹ fẹ́ èémí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa tún un ṣe láìdáwọ́ dúró. Kí ẹlòmíràn pe 112. Kódà bí ó bá jí, ilé ìwòsàn ni kó lọ.

5. Ẹ dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àgbàlagbà pẹ̀lú

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ní Nàìjíríà pe ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọmọdé. Kí àgbàlagbà kan má dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ilẹ̀kùn ti tì. Kí fóònù má wọ yàrá ìpààrọ̀ aṣọ. Kóòṣì tó bá fẹ́ di apá ọmọ mú, kó kọ́kọ́ sọ fún un, kó sì jẹ́ ní gbangba. Ẹ yan ẹni tí kì í ṣe kóòṣì, tí ọmọ lè sọ ẹdùn rẹ̀ fún. Bí ọmọ bá sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ọ dópin, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ní kí wọ́n lọ yanjú rẹ̀ nílé.

Nígbà ìparí, ẹ fi ìwé orúkọ ka àwọn ọmọ, kí ẹ sì fa ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ẹni tí òbí rẹ̀ dárúkọ lọ́wọ́. Ẹni tó wọ fẹ́ẹ̀sì pupa ló ń kẹ́yìn kúrò. Á rìn yí púùlù ká, á wo ìsàlẹ̀ omi láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kó tó ti géètì.