Àmì Kan Ṣoṣo Lórí O: Bí Mo Ṣe Dájọ́ Olobó Ní Ẹ̀pẹ́

₦30,000 ni mo fi ra ọ̀bọ̀kún méjì ní ọjà Olúwo láàárọ̀ Sátidé yẹn, torí wọ́n ti sọ fún mi pé kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìdíje àdììtú ẹgbẹ́ wa á ti parí. Ẹja ni ẹ̀bùn ẹni tó bá gbégbá orókè. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ẹja ṣì wà nínú fìríìsà mi, mo ti da bẹntiróòlù ₦17,000 sínú jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀, ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ kò sì kí mi mọ́. Akápò ní òun ṣì ń wo ọ̀rọ̀ owó náà. Ó ń wò ó títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àwa mẹ́rìndínlógún tí a fẹ́ràn crossword, àdììtú inú ìwé ìròyìn tí à ń to lẹ́tà ọ̀rọ̀ sínú ihò onígun mẹ́rin rẹ̀, la wà nínú ẹgbẹ́ náà. Èyí tó máa ń pa wá bí ọtí ni ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí olobó rẹ̀, gbólóhùn tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ náà, jẹ́ ẹlẹ́nu méjì: ẹnu kan ń sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní tààrà, ẹnu kejì ń júwe bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe tò, gbólóhùn náà á sì máa dún bíi pé nǹkan mìíràn ló ń sọ. Ní 1972 ni ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Azed bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Observer ní London. Ó máa ń fún àwọn òǹkàwé ní ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n kọ olobó fún un, á wá yan èyí tó dáa jù. A ní àwa náà á ṣe tiwa ní Yorùbá. Wọ́n ní kí n dájọ́, torí mátíìsì ni mò ń kọ́ ọmọ, mi ò sì ń ṣojúsàájú. Orí mi wú.

ÀGBÀDO la yàn, nítorí oṣù keje ni, gbogbo ojú títì ló ń ta sánsán àgbàdo sísun. Bí a ṣe pín bébà àti bí wọ́n ṣe kọ ọ́ kò mú wàhálà kankan wá. Mẹ́rìnlá ló wọlé. Kí n má baà dá ọwọ́ ìkọ̀wé ẹnikẹ́ni mọ̀, mo kó wọn fún ọmọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ládùúgbò wa, pé kó tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà kan, kó fi nọ́ńbà sí i, láìsí orúkọ. Mo rò pé mo gbọ́n ni. Ẹ má gbàgbé ọmọ yẹn o.

Kíá ni mo yọ mẹ́fà kúrò. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni nọ́ńbà 3: "Ìhòòhò ló bá lọ sóko, igba aṣọ ló wọ̀ bọ̀." Ó dùn létí, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní mọ̀ pé àgbàdo ni. Ṣùgbọ́n àlọ́ ni. Ẹnu kan ló ní, kò sọ ohunkóhun nípa lẹ́tà. Bàbá tó kọ ọ́ ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọn fúnra wọn ló sì tú àṣírí ara wọn: "Ìwọ ọmọ yìí, àlọ́ àwọn baba rẹ lo ń fi òfin òyìnbó dá padà?" Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Mi ò yí i padà.

Nọ́ńbà 8 ló wá mú mi fò sókè: "Ó dàgbà, ó bojú wẹ̀yìn, ó di ohun tí à ń sun jẹ (5)." Ẹ mú Ó DÀGBÀ, kí ẹ kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú: A, GB, A, D, O. Ọlọ́run ló mọ bí ẹni yẹn ṣe rí i. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yarí, ó ní kì í ṣe ilé márùn-ún tó wà nínú àkámọ́ yẹn, ilé mẹ́fà ló yẹ kó jẹ́. (Ilé là ń pe àwọn ihò onígun mẹ́rin yẹn, bíi ti ọpọ́n ayò.) Ó ní bí a bá ya G kúrò lára B, ABGADO ló máa jáde, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀dá. Mo ní a-b-d Yorùbá, lẹ́tà 25 ni, GB sì jẹ́ ọ̀kan níbẹ̀. Mo tún fi kún un pé LL àti DD àwọn ará Wales, inú ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé nínú àdììtú wọn. Ó dákẹ́. Ìyẹn ò gbà ju wákàtí kan lọ.

Ká ní mo ti pa fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni. Ẹnì kan kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ pé: "Tíṣà, 'ó' inú 'ó dàgbà', ohùn òkè ni. 'O' tó parí àgbàdo, ohùn àárín ni. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?"

Mo sáré wo àwọn tó kù. "Ohun tí à ń fi àgbọn jẹ wà níkùn àgbà dókítà." Ẹ wo bó ṣe fara pamọ́ dáadáa, ÀGBÀ DÓkítà, ṣùgbọ́n DÓ ni. "Àgbà ṣáájú, ìró àkọ́kọ́ nínú dò-re-mí tẹ̀ lé e: oúnjẹ adìyẹ." DÒ nìyẹn. Òmíràn ní, "Àgbà ṣe ohun tí Kòsọ́kọ́ wá ṣe ní Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lé e l'Ékòó ní 1851, adìyẹ bá rí nǹkan jẹ." Kòsọ́kọ́ wá dó síbí ni, DÓ tún ni. (Ẹnì kan lo "dó" yẹn ní ìtumọ̀ rẹ̀ kejì. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, àwọn ìyá wa á ka eléyìí.)

Àmì kan ṣoṣo lórí o! Bí mo bá ní àmì ohùn kà, kò sí olobó kankan tó máa yè é. Bí mo bá ní kò kà, ṣé Yorùbá la wá ń ṣe, níbi tí igba, igbá, ìgbá àti ìgbà ti yàtọ̀ síra wọn? Ẹgbẹ́ pín sí méjì. Àwọn kan ní àwọn Faransé kì í fi àmì orí lẹ́tà sínú àdììtú wọn, ayé ò sì bàjẹ́. Àwọn kan ní Faransé kì í ṣe èdè olóhùn. Wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, òmíràn ń gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Bàbá alálọ́ náà dá sí i: "Ó ti ń wá òfin tẹ́lẹ̀, òfin rèé." Láti ọjọ́ Túsìdeè ni iná ti lọ. Bí mo bá ti ń gbọ́ ohùn ẹnì kan, mò ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ náà, mò ń ro ẹja.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, ó rẹ̀ mí, mo kọ ìdájọ́: àmì ohùn kò kà, nọ́ńbà 8 ló gbà á. Mo wá kó bébà tí wọ́n fọwọ́ kọ jáde kí n lè dá a padà fún oníkálukú. Nọ́ńbà 11 ni mo dì mú. Lórí bébà ọmọ kọ̀ǹpútà, ohun tó wà níbẹ̀ ni "Lara agba doju bole la ti ri ohun ti a fi n se eko", mo sì ti yọ ọ́ dànù lọ́jọ́ kìn-ín-ní, torí mo kà á sí "ohun tí a fi ń ṣe Èkó", mo ní kò nítumọ̀. Lórí bébà gan-an: "Lára àgbà dojú bolẹ̀ la ti rí ohun tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ (5)."

ÀGBÀ DOjú. Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín. Gbogbo àmì dúró sí àyè wọn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìsà. Ẹnì kan ti ṣe ohun tí àwa fi ọjọ́ mẹ́sàn-án sọ pé kò ṣeé ṣe, ọmọ tí mo san ₦500 fún sì ti gé gbogbo àmì rẹ̀ kúrò bí ẹni ń ṣa irú.

Mo ya ìdájọ́ àkọ́kọ́. 11 ló gba ipò kìn-ín-ní, 8 ṣìkejì. Lóòótọ́, 8 ló wù mí jù, ó ṣì wù mí títí di òní, ṣùgbọ́n ẹni tó mú lẹ́tà tó tún mú ohùn, mi ò lè fi í sẹ́yìn. Ẹni tó kọ 8 wà lára àwọn tí kì í kí mi.

Bí wọ́n bá tún fi mí ṣe onídàájọ́, orí bébà tí mo bá pín gan-an ni mo ti máa kọ ọ́ bóyá àmì ohùn kà àbí kò kà. Mi ò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni tẹ̀. Màá fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, màá fi ìka bo orúkọ. Bí mo bá dá ọwọ́ ìkọ̀wé mọ̀, kí n dá a mọ̀. Ìrẹsì ni màá sì rà.

Ìyá ẹlẹ́kọ tó wà létí ọjà ló ni 11. Ó yẹ kí n ti fura. Nígbà yẹn, mo ti yan ẹja náà kó má baà jẹrà, ó sì ti sún kì. Ìyá náà yí wọn sọ́tùn-ún, ó yí wọn sósì.

"Tíṣà, orí ọ̀kan dà?"

Ọjọ́ kẹfà tí kò síná ni mo ti fi orí ẹja yẹn se ọbẹ̀.