Bí mo ṣe rí ibi tí ìṣirò móòlù ti ń dàrú

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọmọ 100 level kan ní kẹ́mísìrì lórí Zoom, ìbéèrè kan náà ló sì ń gbé e ṣubú: nínú àwọn èròjà tó ń dàpọ̀, èwo ló máa kọ́kọ́ tán? Tí mo bá ṣàlàyé tán, á ní, "Ó ti yé mi, sà." Irọ́ ni. (Èmi náà pa irú ẹ̀ dáadáa nígbà tèmi.)

Mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ lé orí òkìtì ìwé, kí kámẹ́rà dojú kọ bébà tó ń kọ. Èmi wá panu mọ́.

N₂ + 3H₂ → 2NH₃: náítírójìn àti háídírójìn máa di ammonia. Náítírójìn gíráàmù 28, háídírójìn gíráàmù 4. Ó rí móòlù 1 àti móòlù 2 (móòlù ni ìwọ̀n tí kẹ́mísìrì fi ń ka iye èròjà), ló bá fàlà sábẹ́ náítírójìn: òun ló kéré, òun ló máa tán. Ọwọ́ mi bà á!

"Tí búrẹ́dì kan bá ń gba ẹyin mẹ́ta, tó o wá ní búrẹ́dì kan, ẹyin méjì ńkọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹyin ló máa tán, sà."

Ní báyìí, nọ́ńbà tó wà níwájú kálukú nínú ìdọ́gba yẹn (1 fún náítírójìn, 3 fún háídírójìn) ló fi ń pín móòlù rẹ̀ kó tó fi wọ́n wéra: náítírójìn 1, háídírójìn 0.67. Ammonia rẹ̀ já sí gíráàmù 22.7. Fóònù yẹn ò kúrò lórí òkìtì ìwé mọ́.